Ọ́ìlì sítíárìn mi ń jò, wọ́n ní ráàkì ni. Ṣé kí n gbà?

Olùbéèrè
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó kówó lé ohun tí kò bàjẹ́. Ọkọ̀ mi ti lé ní ọdún 20, sítíárìn rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tó ń lo ọ́ìlì. Bí mo bá rọ ọ́ìlì kún ike tó ń gba ọ́ìlì sítíárìn lónìí, kò ní pé ọjọ́ mẹ́wàá tí yóò fi wọ abẹ́ àmì MIN. Láàárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, tí mo bá yí sítíárìn dé òpin, ńṣe ló máa ń dún bí ẹ̀fọn ńlá tó kó síni létí. Ọ́ìlì pupa sì máa ń kán sílẹ̀ lápá ọ̀tún, lẹ́yìn táyà iwájú.

Mẹkáníìkì tí mo gbé e lọ bá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi ní ráàkì (irin gbọọrọ abẹ́ ọkọ̀ tó ń yí táyà bí a bá yí sítíárìn) ti lọ, odidi ni ká pààrọ̀. Lóòótọ́, ráàkì ọ̀hún rin gbindin fún ọ́ìlì. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò tíì gbà á. Òun náà ló bá mi pààrọ̀ pọ́ǹpù tó ń ti ọ́ìlì sítíárìn ní oṣù méjì sẹ́yìn, nígbà tí ti tẹ́lẹ̀ kú. Ṣé kí n jẹ́ kó tú u?

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn
Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó dá yín lójú pé ọ́ìlì sítíárìn ni? Ọ́ìlì gíà ọtomátíìkì náà máa ń pupa. Ẹ fa géèjì gíà yọ, ẹ wò ó bóyá òun náà ń dín. Tó bá jẹ́ ti sítíárìn lóòótọ́, ẹ ra ọ́ìlì adíjò, ẹ dà á sínú ike, ẹ gbàgbé ẹ̀. Tèmi dúró bẹ́ẹ̀.

Mẹkáníìkì Àgbà
Ẹ má tíì da nǹkan kan sí i o. Ọ́ìlì adíjò máa ń mú kí síìlì, ìyẹn róbà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jáde, tó ti gan rọ̀, kó sì wú díẹ̀. Bí jíjò bá kéré, tó sì jẹ́ síìlì ló gan, ó lè fún yín ní àyè oṣù mélòó kan. Ṣùgbọ́n kò lè ṣe họ́òsì tó là ní nǹkan kan, kò sì lè mú irin fún mọ́ irin.

Ẹ wo ibi tí ráàkì wà ná. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni. Ohunkóhun tó bá ń jò lókè, láti orí ike títí dé pọ́ǹpù, ara páìpù ni yóò tọ̀ sọ̀ kalẹ̀, orí ráàkì ni yóò sì balẹ̀ sí. Ráàkì tó rin kì í ṣe ẹ̀rí pé ráàkì ló ń jò.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ fi ọṣẹ tí ń bó gíríìsì fọ pọ́ǹpù, àwọn họ́òsì àti ráàkì mọ́ tónítóní, ẹ jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ gbẹ. Ẹ rọ ọ́ìlì dé àmì, ẹ tẹ́ páálí funfun sábẹ́ ọkọ̀. Kí ẹnì kan jókòó sídìí sítíárìn, kó sítáàtì ẹ́ńjìnnì, kó máa yí i lọ, yí i bọ̀. Kí ẹ̀yin gbé tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì máa wò ó láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ibi tó bá kọ́kọ́ tutù ni orísun rẹ̀, kì í ṣe ibi tó ti ń kán.

Ẹ má fọwọ́ tọ́ họ́òsì wò láti mọ ibi tó ń jò, ẹ jọ̀ọ́. Nígbà tí sítíárìn bá dé òpin, ọ́ìlì inú họ́òsì tó ti pọ́ǹpù jáde lè ju 1,000 psi lọ. Afẹ́fẹ́ inú táyà yín, nǹkan bí 32 ni. Ọ́ìlì tó bá tú láti ojú ihò tín-ín-rín lágbára bẹ́ẹ̀ lè gún awọ ara wọlé. Ẹni tó sì ń yí i kò gbọ́dọ̀ dì í mú lópin ju ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún lọ, torí pọ́ǹpù.

Kí ẹ tó dìde lábẹ́ ibẹ̀, ẹ fọwọ́ fún búùtù róbà tó wà létí ráàkì lọ́tùn-ún àti lósì. Bí ọ́ìlì bá ń mì nínú rẹ̀ bí omi inú ọ̀rá, síìlì ráàkì ti lọ, mẹkáníìkì yín ò jẹ̀bi. Bó bá gbẹ, ẹ padà wá bá mi. Ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù oṣù méjì yẹn ti ń rùn sí mi.

Olùbéèrè (lẹ́yìn ọjọ́ méjì)
Ẹ ṣé gan-an, ọ̀gá. Ọ́ìlì gíà ò dín rárá. Búùtù méjèèjì gbẹ. A fọ̀ ọ́, ọmọ mi ọkùnrin sì ń yí sítíárìn. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tí ọ́ìlì ń yọ bí òógùn níbi tí họ́òsì nípọn ti wọ ara pọ́ǹpù, lábẹ́ bọ́ọ̀tù ńlá kan. Ó kó ara jọ, ó sọ̀ kalẹ̀ lára páìpù, ó tẹ̀ lé e tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn títí tó fi dórí ráàkì. Mo tún ṣí ike: ọ́ìlì inú rẹ̀ ń hó bí omi ọṣẹ.

Mẹkáníìkì Àgbà
Ó ti yé mi. Bọ́ọ̀tù yẹn ní wọ́ṣà bàbà méjì, ọ̀kan lókè họ́òsì, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá fún un ló máa ń tẹ̀ mọ́ ara irin, ẹ̀ẹ̀kan náà sì ni. Ó jọ pé ẹni tó pààrọ̀ pọ́ǹpù dá èyí tó ti tẹ̀ padà síbẹ̀. Híhó tí ẹ rí, afẹ́fẹ́ ni. Ibi tí họ́òsì tó ń gbé ọ́ìlì wá láti inú ike ti wọ pọ́ǹpù, róbà roboto kan wà níbẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Tó bá ti gan, pọ́ǹpù á máa fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọ́ìlì láìjẹ́ pé nǹkan kán síta. Ìyẹn ló ń dún bí ẹ̀fọn. Ẹ pààrọ̀ wọ́ṣà méjèèjì àti róbà yẹn. Bí kílíìpù họ́òsì ibẹ̀ bá ti dẹ̀, ẹ fi tuntun sí i.

Ní ti ọ́ìlì, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sórí ìdérí ike. Honda ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́ ń lo ATF Dexron, irú ọ́ìlì gíà ọtomátíìkì kan. Àwọn ọkọ̀ Jámánì kan ń lo CHF 11S, aláwọ̀ ewé. Ọ́ìlì bíréèkì, láé! Gbogbo síìlì ibẹ̀ ni yóò bà jẹ́.

Tí ẹ bá tò ó tán, ẹ má sítáàtì o. Ẹ fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, ẹ fi igi há táyà ẹ̀yìn, ẹ rọ ọ́ìlì, kí ẹ wá fi ọwọ́ yí sítíárìn láti òpin dé òpin bí ìgbà ogún, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ máa rọ ọ́ìlì kún un bó bá ti ń lọ sílẹ̀. Ìgbà tí híhó bá dáwọ́ dúró ni kí ẹ tó sítáàtì, kí ẹ tún yí i láti òpin dé òpin. Bó bá tún hó, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó sinmi.

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn
Mo kó ọ̀rọ̀ ọ́ìlì adíjò mi jẹ o 😂

Olùbéèrè (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan)
Wọ́ṣà méjì, róbà kan. Róbà àtijọ́ ọ̀hún le bí èékánná, ó dá sí méjì lọ́wọ́ mi. Ìró ẹ̀fọn ti lọ. Mo fi páálí sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ lóru mẹ́rin, kò sí àbàwọ́n kankan.

Ọmọ Ẹgbẹ́ Tuntun
Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, tèmi, búùtù apá òsì ló kún fún ọ́ìlì.

Mẹkáníìkì Àgbà
Ti yín ráàkì ni, àbúrò, kò sí ọgbọ́n kan níbẹ̀. Bí ọ̀pá inú rẹ̀ ò bá tíì dípẹtà, wọ́n lè pààrọ̀ síìlì nìkan. Bó bá ti dípẹtà, síìlì tuntun náà ò ní pẹ́ ya. Ẹ ka iye ìgbà tí ẹ yí tairọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó so ráàkì mọ́ táyà) kó tó jáde, kí ẹ lè dá a padà síbi tó wà, síbẹ̀ ẹ ṣì máa ṣe aláínmẹ́ǹtì, ìyẹn títún ìdúró táyà tò. Kí ẹ tó tú ọ̀pá sítíárìn kúrò lára ráàkì, kí táyà dojú kọ iwájú gan-an, kí ẹ sì so sítíárìn kó má lè yí. Bó bá yí lófo, wáyà onírìbìtì ti airbag (àpò afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde nígbà ìjàǹbá) tó wà lábẹ́ sítíárìn á já.

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn
Bẹ́líìtì ìjókòó ni mo fi máa ń so tèmi. Mo máa ń fi í gba inú sítíárìn kọjá, màá wá kì í bọ ojú ibi tó ń há sí.