Èsì sí "ìwọmọ": ta ló wọnú ta?

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ láìdá sí i. Ìtọ́jú ọmọ ni mo bá wá sí London, ọmọ tuntun kì í sì í jẹ́ kí àgbà ráyè. Ṣùgbọ́n ti àná yìí, mi ò lè gbé e mì.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: àbúrò wa ọkùnrin kan ló mú ọ̀rọ̀ wá. Ó ní òun gbé ọmọ òun sáyà nínú àpò tí wọ́n fi ń gbé ọmọ lóde òní, òun bá a lọ sọ́jà Bódìjà n'Ìbàdàn, ni àwọn èèyàn bá ń wo òun bí ẹni rí egúngún lọ́gànjọ́. Aláta kan tiẹ̀ ní kí ó yáa gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀. Ó wá ní ohun tó fa gbogbo rẹ̀ ni pé Yorùbá kò ní orúkọ fún nǹkan náà, òun sì ti rí orúkọ: ìwọmọ, láti ara wọ̀ àti ọmọ, kí ó lè bá babywearing àwọn Òyìnbó mu. Bàbá wa tí wọ́n fi ọdún 32 kọ́ni ní Yorùbá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì ní ọ̀rọ̀ náà gún régé. Ẹni mẹ́fà ti pàtẹ́wọ́.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká mú wọ̀ fúnra rẹ̀, ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Yorùbá kì í wọ gbogbo nǹkan. Fìlà, dídé ni à ń dé e. Gèlè, wíwé ni. Ìró, ríró ni. Ìlẹ̀kẹ̀, a ó so ó mọ́ ọrùn. Ọ̀já náà, gbígbà ni à ń gbà á mọ́dìí. Kí ló wá kù tí à ń wọ̀? Ẹ̀wù, ṣòkòtò, bàtà, ìbọ̀sẹ̀: àwọn nǹkan tó ní ẹnu, tí ara wa ń gba ẹnu wọn wọlé. Orí á gba ọrùn ẹ̀wù kọjá, ẹsẹ̀ á gba inú ṣòkòtò yọ. Wọ̀ tí à ń wọ ẹ̀wù àti wọ̀ tí à ń wọ ọkọ̀, ọmọ ìyá ni wọ́n lójú tèmi. Ẹni tó bá wọ nǹkan, inú rẹ̀ ló wà. Tí ìyá bá wá "wọ ọmọ", ta ló wọnú ta? Nílé tí wọ́n bí mi sí, tí nǹkan bá wọ ọmọ, wọn kì í ya fọ́tò rẹ̀. Babaláwo ni wọ́n ń sáré gbé e lọ bá.

Mo mọ̀ pé bàbá wa yóò ní ohùn ìsàlẹ̀ ni wọ̀ tí àwọn ń sọ. Ohùn ìsàlẹ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣé ó ń dúró síbẹ̀ tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá ti tẹ̀ lé e? Ẹ̀wù tí mo wọ̀, mo wọ ẹ̀wù. Ó ti gòkè dé àárín kí ọmọ tó kàn án rárá. Ìyẹn náà, bí a bá fàmì sí i ni o. Púpọ̀ nínú yín kì í fàmì sí nǹkan kan lórí fóònù, mo sì mọ orúkọ yín. Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ti máa ń kọ ọ́, kí ẹ kà á padà: "iya n womo". Ṣé ìyá tó ń wọ́ ọmọ nílẹ̀ tuurutu ni, àbí ìyá tó ń wo ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá?

Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- yẹn pẹ̀lú. Ìgbálẹ̀, ohun èlò ni. Ìkọ̀wé, ìṣe ni. Ìwọmọ ńkọ́, ṣé àpò náà ni àbí gbígbé e? Àbúrò wa lò ó fún méjèèjì nínú lẹ́tà kan ṣoṣo.

Ẹnì kan ní òun ò fẹ́ ìpọnmọ nítorí pé ó ń rán òun létí ìpọ́njú. Ìyẹn pọ́n, ohùn òkè, èyí tí à ń pọ́n ọ̀bẹ, tí ojú ń pọ́n èèyàn. Òun àti pọ̀n tí à ń pọn ọmọ ò bára tan. Àmọ́ ẹni tó bá ti pọn ọmọ oṣù mẹ́wàá gun Òkè Olúmọ rí, mi ò ní bá a jiyàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ní ẹran lára nìyí. Ìdí tí àbúrò wa fi sá fún pọ̀n ni pé, lójú tirẹ̀, ẹ̀yìn ti wà nínú pọ̀n, òun sì gbé ọmọ tòun sí àyà. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi "gbé ọmọ pọ̀n sẹ́yìn" borí rẹ̀: bí ẹ̀yìn bá ti wà nínú pọ̀n, kí ni sẹ́yìn ń wá níbẹ̀? Ni mo bá rántí pé à ń fi ẹsẹ̀ rìn, à ń fi ojú rí, à ń fi etí gbọ́, kò sì sẹ́ni tó ń fi imú gbọ́ràn. Sẹ́yìn kò jẹ́rìí fún mi, kò sì jẹ́rìí fún un.

Mo bá pe ìyá mi lórí fóònù, ẹni ọdún 81, ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Mo ní, "Màmá, ṣé èèyàn lè pọn ọmọ sáyà?"

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ló fẹ́ ṣe é?"

Mo ní ọkọ ọmọ mi ni.

Wọ́n ní, "Ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ń dùn ún ni?"

Ẹ kíyè sí i. Wọn ò sọ pé kì í ṣe Yorùbá. Ohun tó ṣe ẹ̀yìn ọkùnrin náà ni wọ́n fẹ́ mọ̀. Gbólóhùn náà wọ̀ wọ́n létí, ìwà náà ni kò yé wọn. Lójú tèmi, ẹ̀rí ńlá nìyẹn pé pọ̀n lè gba àyà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ni ilé rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ tèmi, torí pé àbúrò wa rò pé Bódìjà nìkan ni wọ́n ti ń woni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì ní Rye Lane, ní Peckham. Kẹ̀kẹ́ ọmọ méjì ti wà nínú rẹ̀, awakọ̀ ní tèmi ò lè wọlé. Ọmọ ń ké. Mo ká kẹ̀kẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo di apá ọmọ mú, mo yí i gba abẹ́ abíyá mi lọ sẹ́yìn, ó sì lẹ̀ mọ́ mi bí aláǹgbá tó ń yáàrùn lára ògiri. Mo ta ìró bò ó, mo fa etí rẹ̀ méjèèjì wá sókè ọmú, mo ká a, mo sì kì í bọlẹ̀. Ọ̀já ló kàn. Abẹ́ ìdí ọmọ ló gbà, ó yí mi ká lẹ́ẹ̀mejì, mo so ó. Mo fọwọ́ lu ìdí rẹ̀ pẹ́pẹ́pẹ́, ariwo dákẹ́. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú kan.

Nígbà tí mo gbójú sókè, gbogbo ibùdókọ̀ ló ń wò mí. Bàbá Òyìnbó kan bi mí bóyá ọmọ yẹn ń mí. Mo ní ó ń mí ju èmi lọ. Ọmọge kan fẹ́ mọ ilé ìtajà tí mo ti ra ọ̀já. Obìnrin kan tó ń sọ Twi lórí fóònù kò kí mi, èmi náà ò kí i. Ó kàn bọ́ sẹ́yìn mi, ó fa ẹsẹ̀ ọmọ kan tó ti há sínú ìró jáde, ó tò ó dọ́gba pẹ̀lú ìkejì, ó sì bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ lórí fóònù. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn ju àwọn yòókù lọ. Ọwọ́ ará ọjà Kútọ̀ l'Ábẹ́òkúta ni ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ pọnmọ gba ọjà Kútọ̀ kọjá kí orí ọmọ yẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wá rí i: "Ìyá ọmọ, ọrùn ọmọ o!" Ẹni tó ń ta pọ̀nmọ́ á sọ ọ́, ọlọ́kadà á sọ ọ́, ẹni tí kò tíì bímọ rí á sọ ọ́. Wọn kì í bèèrè kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọmọ. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bi mí bóyá pọ̀nmọ́ aláwọ àti pọnmọ jọ tan. A ti ja ìjà yẹn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó borí.)

Nítorí náà, orúkọ kọ́ ni aláta ń bá àbúrò wa jà sí. Ẹsẹ̀ ọmọ tó ń fì dirodiro níwájú ni, àti pé ọkùnrin ni. Ọkọ ọmọ mi náà rí tirẹ̀. Ó gbé ọmọ sáyà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àgbàlagbà Ìjẹ̀bú kan sì fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi í jẹ́jẹ́ bóyá wọ́n ti fún un ní nǹkan jẹ. Orúkọ tí Òyìnbó fún un kò gba àwọn Òyìnbó fúnra wọn lọ́wọ́ ẹ̀sín. Lóṣù Ọ̀wàrà ọdún 2018, Daniel Craig tó ń ṣe James Bond nínú sinimá nígbà náà gbé ọmọ rẹ̀ sáyà jáde, Piers Morgan, oníròyìn ará Gẹ̀ẹ́sì kan, sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lórí Twitter pé kì í ṣe ọkùnrin mọ́. Àwọn bàbá wá ń kó fọ́tò tiwọn jáde, tọmọtọmọ láyà, láti fi dá a lóhùn. Babywearing ti wà nínú èdè wọn ní gbogbo àkókò yẹn. Kí ló rí ṣe?

Bàbá wa wá fi kún un pé ọkùnrin àti ọ̀já kò pàdé rí nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ dákun, sà. Ẹ lọ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ará Kétu. Ọkùnrin ló ń jó o, ọ̀já tí àwọn obìnrin fi ń pọnmọ ni wọ́n sì ń yá, tí wọ́n ń dì mọ́ra lóríṣiríṣi àwọ̀ kí wọ́n tó jáde sójú agbo. Àwọn ìyá ni wọ́n ń fi yẹ́ sí. Láti ọdún 2001 ni UNESCO ti ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé, ọ̀já sì wà lára ọkùnrin kí UNESCO tó dáyé.

Ẹ tún wo ibi tí àpò ìgbọ́mọ yìí ti wá. Nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà kan, Ann Moore, bá Peace Corps, àjọ àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń yọ̀ǹda ara wọn ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, lọ sí Togo níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ó rí àwọn ìyá ibẹ̀ tí wọ́n pọnmọ, tí wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ, tí ọmọ kì í sì í ké. Ó padà délé, ó bí tirẹ̀, ó fẹ́ pọ̀n ọ́n bí ó ti rí i, ọmọ sì ń yọ̀ bọ́. Kò sẹ́ni tó fi bí wọ́n ti ń fa ọ̀já le hàn án, ẹ ò rí i? Ìyá rẹ̀ ló bá a rán àpò tí ọmọ lè jókòó sí. Ọdún 1969 ni wọ́n gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, Snugli ni wọ́n pè é. Ó tó àwọn ọdún 1980 kí dókítà William Sears àti Martha ìyàwó rẹ̀ tó sọ babywearing di ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn abiyamọ Amẹ́ríkà. Gẹ̀ẹ́sì ni kò ní pọ̀n. Wọ́n wo inú àpótí aṣọ wọn, wọ́n yọ wear jáde, wọ́n fi dí àlàfo náà. Ìyẹn ni àwa tí a ní pọ̀n, tí a ní ọ̀já, tí a ní "ẹ tún un pọ̀n", wá fẹ́ lọ tọrọ.

Ní ti àwọn àbá yòókù: ìdìmáyà tí ẹnì kan mú wá láti Ọ̀fà dùn mọ́ mi, a sì lè lò ó fún ti iwájú nìkan. Ìsomọmọ́ra, mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́nu lẹ́ẹ̀mẹta, ọmọ jí.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí bàbá wa gbà sọ, tí mi ò ní jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní "ẹ̀yìn ìyàwó ò ní mẹní", pé ẹni ni, ìyẹn pé ìyàwó kò ní mọ ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ọkọ rẹ̀. Sà, ẹní ni! Ẹní tí à ń tẹ́ sílẹ̀, ohùn òkè ló gbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn tí ọmọ kò bọ́ lórí rẹ̀, ìgbà wo ló fẹ́ mọ ẹní? Ọdún 19 péré lèmi fi kọ́ni, n kò tó yín. Ṣùgbọ́n ìyàwó mọ́kànlá ni mo ti wúre yẹn lé lórí, mẹ́sàn-án ti bímọ, ẹ̀yin sì mọ iye tí ẹ ti wúre fún.

Ẹ̀yin ará Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ tí ẹ ń kà á tí ẹ kì í fèsì, ṣé ọ̀já náà lẹ ń pè é lọ́dọ̀ yín? Ẹ kọ ọ́ wá.

Ẹ fàmì sí i o.