Fọ́tò ìsinmi ẹbí ju 600 lọ: báwo la ṣe ń kó wọn sínú ìwé ìrántí tí kò ní bàjẹ́?

Àṣàkẹ́_Oníwèé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí. Ìrìn àjò ìsinmi ọjọ́ mẹ́sàn-án ni, àgbàlagbà mẹ́rin, ọmọdé mẹ́ta. Fọ́tò tó wà nílẹ̀ jẹ́ 640, fóònù mẹ́ta àti kámẹ́rà kan ni wọ́n fi yà wọ́n. Yàtọ̀ sí fọ́tò, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin wà, máàpù, rìsíìtì, ìkarahun etí òkun díẹ̀, àti ewé tí àwọn ọmọ ṣà. Ìwé tí a máa fọwọ́ ṣí ni mo fẹ́ ṣe, kì í ṣe ti orí kọ̀ǹpútà. Álíbọ́ọ̀mù kan wà nílé tí ojú rẹ̀ ń lẹ̀ fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń ká ọ̀rá rẹ̀ sókè kí wọ́n tó to fọ́tò sí i. Ṣé mo lè lò ó? Gọ́ọ̀mù wo ló dára? Fọ́tò mélòó ló yẹ kó wọ inú ìwé kan?

Olùtọ́jú_Àwòrán

Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ gbé álíbọ́ọ̀mù yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó má tilẹ̀ kan fọ́tò yín. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fà ní ìlà-ìlà sórí páálí rẹ̀ ní ásíìdì, páálí náà fúnra rẹ̀ sì sábà máa ń ní in. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, àwọn ìlà yẹn á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, wọ́n á sì ba fọ́tò láwọ̀ jẹ́. Nǹkan méjì ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀: yálà kí gọ́ọ̀mù gbẹ kí fọ́tò máa já bọ́, tàbí kó gan mọ́ ẹ̀yìn fọ́tò débi pé ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ á fà á ya. Ọ̀rá tó bò ó lójú ńkọ́? PVC, irú ike kan, ló sábà máa ń jẹ́. Òróró tí wọ́n fi mú PVC rọ̀ kì í jókòó síbì kan. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa rin jáde, tí yóò sì lẹ̀ mọ́ ojú fọ́tò. Ọ̀rá tó bá ń rùn bíi rọ́bà tuntun, ẹ dá a padà.

Bí fọ́tò àtijọ́ bá ti wà nínú irú álíbọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀, ẹ má fi èékánná tú u. Ẹ kọ́kọ́ ya ẹ̀dà rẹ̀ níbi tó wà, kí ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà má baà gba àwòrán lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ mú fọ́nrán tí wọ́n fi ń yọ oúnjẹ láàrín eyín, èyí tí kò ní ìda lára, kí ẹ tì í bọ abẹ́ igun fọ́tò, kí ẹ wá máa fà á síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń fi ayùn rẹ́ igi. Kí fọ́tò wà ní títẹ́ ni o. Bí ẹ bá ká a sókè, ojú rẹ̀ á sán. Bó bá ta kú, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ̀dà tí ẹ yà ti tó.

Lára álíbọ́ọ̀mù tuntun, ẹ wá “acid-free” àti “lignin-free” lórí bébà rẹ̀. Lignin ni ohun inú igi tó ń mú kí ìwé ìròyìn pọ́n bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á. Ọ̀rá ìbòjú rẹ̀ kí ó jẹ́ polypropylene, polyester tàbí polyethylene. Ọ̀rọ̀ “photo-safe” nìkan kò tó, ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́. Èyí tó ní ìtumọ̀ ni kí wọ́n kọ pé ó yege ìdánwò PAT (Photographic Activity Test), èyí tí nọ́ńbà ìlànà rẹ̀ jẹ́ ISO 18916. Nínú ìdánwò yẹn, wọ́n á tẹ ohun èlò náà mọ́ fíìmù ìdánwò nínú ooru 70°C àti ọ̀rinrin 86% fún ọjọ́ 15, kí wọ́n lè rí i bóyá á mú àwòrán ṣá tàbí kó tọ́ ọ lábàwọ́n.

Ní ti gọ́ọ̀mù, òfin mi kan ṣoṣo ni pé ohun tí kò bá ṣeé tú, ẹ má fi lẹ fọ́tò tí kò ní ẹ̀dà. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, àpò igun ni kí ẹ lò fún un, àwọn àpò kékeré onígun mẹ́ta tí igun fọ́tò ń wọ̀, mẹ́rin fún fọ́tò kan. Gọ́ọ̀mù kò ní kan fọ́tò rárá, ara bébà nìkan ló máa lẹ̀ mọ́. Èyí tí ẹ bá lè tún tẹ̀ jáde, téèpù olójú-méjì tí kò ní ásíìdì dára fún un. Ẹ fi mìlímítà 3 sílẹ̀ sí etí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gọ́ọ̀mù á yọ létí, á gba eruku, á sì lẹ ojú ìwé méjì pọ̀. Gọ́ọ̀mù funfun olómi ti iléèwé máa ń mú bébà wú, bó bá sì gbẹ, bébà á hunjọ. Èyí tí wọ́n ń yọ́ nínú ìbọn oníná nípọn jù, ooru rẹ̀ sì ń ba ojú fọ́tò jẹ́. Sẹlotéèpù lásán, kò gbọdọ̀ débẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ gbígbóná lẹ ike bò wọ́n: kò sí bí a ṣe ń bọ́ ike yẹn mọ́.

Atojú_Ìwé

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí Olùtọ́jú sọ. Àmọ́ kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ dín fọ́tò kù. Ìwé 12 × 12 íńṣì tó ní ewé 20, ojú 40 ló ní. Bí ẹ bá to fọ́tò mẹ́ta sójú kọ̀ọ̀kan, 120 ló gbà, kò sì ní sí ààyè kankan fún ọ̀rọ̀. Ẹ fi 80 sí 100 ṣe góńgó.

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú fódà kan lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ tò ó bí wákàtí ṣe tẹ̀ léra. Kámẹ́rà ló máa da ètò yín rú níbí. Fóònù máa ń yí aago rẹ̀ padà fúnra rẹ̀ bí a bá kọjá sí ibi tí àkókò ti yàtọ̀. Kámẹ́rà kì í sábà yí i, ìdí nìyẹn tí fọ́tò ìyálẹ̀ta fi máa ń bọ́ sáàárín ti alẹ́. Ẹ wá ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí fóònù àti kámẹ́rà jọ yà, ẹ fi wákàtí méjèèjì wéra, kí ẹ fi ìyàtọ̀ náà tún gbogbo fọ́tò kámẹ́rà ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Fọ́tò tí wọ́n bá fi WhatsApp ránṣẹ́ bí wọ́n ṣe sábà ń ṣe, ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ ti bọ́ sọnù, ẹ̀rọ sì ti fún un kéré. Ẹ ní kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document.

Ẹ ṣà á nígbà mẹ́ta, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ yọ èyí tó ṣú, èyí tó gbọ̀n, àti àwọn tó jọra bí ìbejì. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ pín èyí tó kù sí ìṣẹ̀lẹ̀-ìṣẹ̀lẹ̀: dídé, odò, ọjọ́ òjò, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, fún ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ mú ọ̀kan tó fi ibẹ̀ hàn láti òkèèrè, ọ̀kan tó fi ojú èèyàn hàn, àti ọ̀kan tó fi nǹkan kékeré hàn, bíi bàtà tó kún fún iyanrìn tàbí ọwọ́ ọmọ lórí fèrèsé ọkọ̀. Èyí tó kéré yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dà nù, bẹ́ẹ̀ òun ló ń mú kí ojú ìwé ní ẹ̀mí. Ẹ má pa èyí tó kù rẹ́ o. Ẹ kó wọn sórí dírááfù kan, kí ẹ fi ẹ̀dà mìíràn síbòmíì tí kì í ṣe ilé yẹn.

Títẹ̀ jáde: 4 × 6 íńṣì gba píksẹ́lì (àwọn àmì kékeré tó para pọ̀ di àwòrán) 1200 × 1800 kó tó mọ́ dáadáa, ìyẹn 300 fún íńṣì kan. Ohun tó ń gé orí èèyàn dànù lára fọ́tò nìyí: fọ́tò fóònù sábà máa ń jẹ́ 4 sí 3, bébà 4 × 6 sì jẹ́ 3 sí 2. Bí ẹ̀rọ bá fi tipátipá kún bébà, á gé nǹkan bí 11% kúrò lápá kúkúrú, ibẹ̀ gan-an lorí àwọn tó dúró sẹ́yìn máa ń wà. Ẹ fọwọ́ ara yín gé e kí ẹ tó fi ránṣẹ́, tàbí kí ẹ ní kí wọ́n fi etí funfun sí i.

Títò sójú ìwé: fọ́tò méjì tó dùbúlẹ̀, 6 àti 6, ti di 12, kò sí etí kankan tó kù. Ẹ fi ọ̀kan tó dùbúlẹ̀ ti ọ̀kan tó dúró, 6 àti 4, íńṣì 2 á ṣẹ́kù fún etí àti àlàfo. Ẹ jẹ́ kí fọ́tò kan tóbi ju ìyókù lọ lójú kọ̀ọ̀kan, kí ojú mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ bà lé. Ẹ to gbogbo rẹ̀ láìlẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi fóònù ya ìtò náà, kí ẹ wá lẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Àṣàkẹ́_Oníwèé

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọ̀rọ̀ 6 àti 6 yẹn ì bá dà mí láàmú. Tíkẹ́ẹ̀tì, rìsíìtì, ìkarahun àti ewé ńkọ́? Bírò wo ni kí n fi kọ̀wé?

Bébà_Tó_Ń_Pẹ́

Rìsíìtì lẹ máa kọ́kọ́ pàdánù. Kì í ṣe tàdáwà ni wọ́n fi tẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn; bébà náà ló ń dúdú bí ooru bá kàn án. Ìdí nìyẹn tí ooru, ìmọ́lẹ̀ àti òróró ọwọ́ fi lè pa ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ rẹ́. Ẹ fi èékánná ha igun rẹ̀ kíákíá. Bó bá yọ ìlà dúdú, irú rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe fọtokópì rẹ̀ sórí bébà tí kò ní ásíìdì, kópì náà ni kí ẹ lẹ̀.

Máàpù: bébà tí kò níye lórí ni wọ́n sábà ń lò, kò gbọdọ̀ fara kan fọ́tò. Ẹ fi í sínú àpò ọ̀rá polyester, tàbí kí ẹ ṣe kópì apá ibi tí ẹ rìn, kí ẹ fi pẹ́ńsù fa ọ̀nà náà.

Ìkarahun: iyọ̀ inú rẹ̀ ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tí kò níyọ̀, kí ẹ pààrọ̀ omi náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, kí ẹ sá a títí tó fi máa gbẹ wọnú. Síbẹ̀, ó nípọn jù fún inú ìwé, á tẹ àpá sára fọ́tò tó kọjú sí i. Ẹ to wọn sórí bébà funfun lẹ́bàá fèrèsé, ẹ yà wọ́n, fọ́tò wọn ni kó wọ ìwé. Iyanrìn burú jù ú lọ, torí ó ń ha ojú fọ́tò. Bí ẹ ò bá lè fi í sílẹ̀, ìwọ̀nba ṣíbí kékeré kan, nínú ọ̀rá tó ń dì fúnra rẹ̀, lójú ìwé tí kò kọjú sí fọ́tò kankan.

Ewé: ẹ tẹ́ ẹ sáàárín bébà tó ń fa omi, ẹ gbé ìwé wúwo lé e fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ẹ pààrọ̀ bébà náà lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́. Ewé tí kò bá gbẹ tán á bu nínú álíbọ́ọ̀mù, bíbu náà á sì ràn mọ́ bébà. Ewé ní ásíìdì tirẹ̀, nítorí náà inú àpò ọ̀rá ni kó wà. Àwọ̀ rẹ̀ á ṣá bó ti wù kó rí.

Bírò lásán ń ṣá, bí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn fọ́tò, á yọ sí iwájú. Ẹ wá pẹ́ẹ̀nì tí wọ́n kọ “pigment ink” (irú tàdáwà tí kì í tètè ṣá) sí lára, ẹnu rẹ̀ kí ó jẹ́ mìlímítà 0.3 sí 0.5. Lẹ́yìn fọ́tò tó ń yọ̀ bí ike, ẹ dúró kí ó gbẹ dáadáa kí ẹ tó gbé òmíràn lé e.

Atojú_Ìwé

Mo ní àfikún kan lórí bí nǹkan ṣe nípọn. Bí ẹ bá ń lẹ nǹkan tó ga sí àárín ojú ìwé gbogbo, álíbọ́ọ̀mù á la ẹnu sílẹ̀, kò ní lè pa dé mọ́, eruku á sì wọ̀ ọ́. Ẹ máa yí ibi tí wọ́n wà padà. Ẹ ra álíbọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ìṣó tó ṣeé tú dè, kí ẹ lè fi ìṣó tó gùn jù bẹ́ẹ̀ sí i bí ewé ìwé bá pọ̀. Bí fọ́tò tó ń jáde lójú ẹsẹ̀ látinú kámẹ́rà bá wà, ẹ má gé etí rẹ̀. Kẹ́míkà wà nínú rẹ̀, etí yẹn ló sì dì í pa.

Akọ̀wé_Ẹbí

Ẹ ti sọ ti bébà dáadáa. Ọ̀rọ̀ kíkọ ló kù, òun sì ni mo rọ̀ yín pé kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí ẹ tó lẹ ẹyọ fọ́tò kan. Fọ́tò lè dúró dè yín, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ ọdún mẹ́rin sọ lórí ọkọ̀ ojú irin, bó bá fi lè pé oṣù méjì láìkọ, ó ti lọ.

Ẹ jókòó pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ ṣí fọ́tò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan máa kọ ohun tí kálukú bá rántí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn. Bí àwọn méjì bá rántí ọ̀rọ̀ kan lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ kọ méjèèjì. Ìlà mẹ́rin sí mẹ́fà tó fún ìṣẹ̀lẹ̀ kan. “A gbádùn ara wa” kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. “Òjò dé ní agogo mẹ́ta, a sá sábẹ́ afárá, bàbá àgbà kọ̀ jálẹ̀, wọn ò bọ́ bàtà” sọ gbogbo rẹ̀.

Ẹ kọ orúkọ ní kíkún láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún, pẹ̀lú ọjọ́ orí àwọn ọmọ. Orúkọ àpèlé nìkan kò ní yé ọmọ-ọmọ yín. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ya fọ́tò náà, torí òun ni kì í hàn nínú rẹ̀. Orí káàdì ọ̀tọ̀ ni kí ẹ kọ ọ́ sí, 3 × 4 íńṣì, kí àṣìṣe kan má baà ba odindi ojú ìwé jẹ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn kọ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ má ṣàtúnṣe sípẹ́lì wọn.

Àṣàkẹ́_Oníwèé

Mo dúpẹ́ púpọ̀. Bí mo bá tẹ díẹ̀ lára fọ́tò náà nílé ńkọ́? Ibo ni ká sì gbé ìwé náà sí?

Olùtọ́jú_Àwòrán

Èyí tí ẹ bá fi ẹ̀rọ onítàdáwà tẹ̀ nílé, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún wákàtí 24 kí ẹ tó fi í sínú ọ̀rá. Bí kò bá tíì gbẹ, ìkùukùu á hù sínú ọ̀rá náà. Ìwé 12 × 12 tó kún wúwo, bó bá dúró ṣánṣán, ewé rẹ̀ á máa fà kúrò lára ìdè. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, kí ó má ju mẹ́ta lọ lórí ara wọn. Iyàrá tí ẹ ń sùn ni kó wà, kì í ṣe òkè àjà, kì í ṣe ilé ìdáná, kò sì gbọdọ̀ fara ti ògiri tó kọjú síta. Ọ̀rinrin 30% sí 50% ló dára fún un.