Ìpàgọ́ sáyẹ́ǹsì orí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì ọmọ

Ìbàdàn

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ̀yin òbí àti olùkọ́. Àwa mẹ́ta, láti Ìbàdàn, London àti Èkó, la jọ fẹ́ sọ̀rọ̀ yìí. Ìpàgọ́ tí ọmọ ọdún 6 sí 11 ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sáyẹ́ǹsì níwájú fóònù, ọ̀dọ̀ ẹrù tí a rà ló ti máa ń bàjẹ́, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ọmọ. Nínú kíláàsì, bí nǹkan ò bá ṣiṣẹ́, olùkọ́ á nawọ́, á tún un ṣe. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ olùkọ́ ò débẹ̀. Bátìrì ọsàn, ìyẹn fífi ọsàn wẹ́wẹ́ tan iná kékeré, ló máa ń mú ọmọ sunkún jù, òun ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ ní kíkún.

Ọsàn wẹ́wẹ́ 4, ìṣó páànù 4, wáyà bàbà 4 tí a ti bó ara rẹ̀, wáyà 5 tó ní kílíìpù lẹ́nu, LED pupa 1 (gílóòbù kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì). Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yí ọsàn kọ̀ọ̀kan mọ́ tábìlì títí yóò fi rọ̀. Ẹ ki ìṣó bọ̀ ọ́ lápá kan, bàbà lápá kejì, kí ìka méjì gba àárín wọn. Bí wọ́n bá fara kanra nínú ọsàn, iná ọsàn yẹn ti kú nìyẹn. Bàbà ọsàn kìíní lọ bá ìṣó ọsàn kejì, bàbà ìkejì lọ bá ìṣó ìkẹta, bẹ́ẹ̀ títí dé ìkẹrin. Bàbà tó ṣẹ́kù, ẹsẹ̀ LED tó gùn ló ni ín. Ìṣó tó ṣẹ́kù, ẹsẹ̀ kúkúrú.

Ọsàn kan ń mú agbára iná bíi fólíìtì 0.9 wá. LED pupa ń fẹ́ bíi 1.8 sí 2. Ọsàn 2 ò fọkàn ẹni balẹ̀, 3 tó, ìkẹrin ni ènì.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ rèé: ẹni tí a rán lọ́jà á ní ìṣó ni ìṣó, á ra ti káfíńtà wá. Irin lásán nìyẹn. Síńkì tí wọ́n fi bo ìṣó páànù lára ló ń ṣiṣẹ́ nínú ọsàn. Láìsí i, iná tó ń jáde kéré, LED ò ní í tàn. Kódà bí gbogbo rẹ̀ bá pé, kò ní í mọ́lẹ̀ bíi tọ́ọ̀ṣì. Ẹ fa kọ́tìnì kí ọmọ tó wò ó, kí olùkọ́ sì ti sọ ọ́ ṣáájú. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ da ọsàn náà nù. Síńkì ti yọ́ sínú rẹ̀, kò ṣeé mu mọ́.

London

A dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n. Èmi á fi ti omi ìṣápá tó ń yí àwọ̀ padà kún un, torí kò náni lówó, àwọ̀ rẹ̀ sì ń hàn kedere lójú kámẹ́rà.

Ìṣápá gbígbẹ tí a fi ń ṣe zobo, ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé kan, sínú omi gbígbóná kọ́ọ̀bù 2. Àgbà ni kó ṣe èyí lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Kó fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kó sẹ́ ẹ. Ẹ má lo zobo inú ìgò tí wọ́n ń tà, atalẹ̀ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ fi omi là á títí ẹ ó fi máa rí ìka yín láti òdìkejì ife. Bó bá ki jù, dúdú ni gbogbo rẹ̀ máa rí lójú fóònù.

Gíláàsì 4. Ìkíní, ẹ má fi nǹkan kan sí i, òun la ó máa fi wé ìyókù. Ìkejì, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí 1: á pọ́n fòò. Ìkẹta, omi kán-ún. Ìkẹrin, omi ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun.

Ti kán-ún yẹn ló gba sùúrù. Ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì, tí a ti lọ̀, sínú ìdajì kọ́ọ̀bù omi. Ẹ jẹ́ kó tòrò, omi òkè rẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò. Bí ọmọ bá ń ta á sí i díẹ̀díẹ̀, pupa á di àlùkò, á di aró, á di àwọ̀ ewé. Kó wá máa kán ọsàn wẹ́wẹ́ sí i: á máa hó ṣùṣù, pupa á sì padà. Afẹ́fẹ́ tó ń hó yẹn ni carbon dioxide, òun náà ló wà nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí kán-ún bá pọ̀, ọsàn mẹ́ta ò ní í tó dá pupa náà padà, ọmọ á rò pé òun ló ṣì í ṣe. Bó bá sì pẹ́ nílẹ̀, àwọ̀ ewé á ṣá di bíi tíì, torí kán-ún ń ba ohun tó ń fún ìṣápá ní àwọ̀ jẹ́.

Ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ lè má yí i padà rárá. Níhìn-ín, ẹni tí ò bá rí kán-ún lè lo baking soda, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kéré, àwọ̀ aró ló máa ń dúró sí. Omi eérú náà dára, irú èyí tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Ẹ sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín. Àgbà ni kó dà á, torí ó ń ta ojú.

Èkó

Nígbà ooru, aago Èkó àti London dọ́gba. Aago 4 ìrọ̀lẹ́ wa, aago 11 àárọ̀ ni ní New York, 10 ní Houston: àwọn ọmọ ti jẹun. Zoom ọ̀fẹ́ ń já ní ìṣẹ́jú 40, nítorí náà ìṣẹ́jú 30 ni kẹ́ ẹ fi ṣètò.

Ọwọ́ ọmọ ni kí kámẹ́rà máa wò, kì í ṣe ojú rẹ̀. Ẹ to ìwé ní ìdì méjì, kí ìkọ̀ọ̀kan ga tó sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ fi rúlà méjì dábùú wọn, kẹ́ ẹ tẹ́ fóònù lé e. Kámẹ́rà ẹ̀yìn á máa wo tábìlì, ọmọ á sì máa rí olùkọ́ lójú fóònù lókè. Ẹ fi fọ́tò ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí àwọn òbí lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, torí iná tó lè lọ.

Ìbàdàn

O ṣeun, àbúrò. Ohun méjì tó kù. Wáyà bàbà tí a tú nínú fáànù tó ti kú dà bí ẹni pé kò wọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọ́n ti kùn ún, iná ò lè gbà á kọjá. Ẹ fi sáńpépà ha á títí yóò fi dán.

Bátìrì pẹlẹbẹ tó dà bíi bọ́tìnnì, ẹ má fi sínú ẹrù ọmọ. Bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun láàárín wákàtí 2. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni. Bí ẹ bá fẹ́ fi bátìrì tan LED, AA 2 ni kẹ́ ẹ fi dípò rẹ̀, pẹ̀lú rẹ́sísítọ̀ 100 ohm, ìyẹn ohun kékeré tó ń dín iná tó ń kọjá kù. Láìsí rẹ́sísítọ̀ yẹn, LED pupa á mọ́lẹ̀ gan-an, á sì lè jó.