Ẹ̀yin tí ẹ ń po àfítà-ṣéèfù olóòórùn dídùn nílé, ẹ wá sọ ìrírí yín

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, Ìbàdàn

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Mo mọ̀ pé àwa tí a ń po àfítà-ṣéèfù, ìyẹn ohun olóòórùn tí à ń fi pa ojú tí a bá fárùngbọ̀n tán, nílé kò kéré níbí. Ẹ jẹ́ kí oníkálukú sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Èmi ni n ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Bay rum ni mo máa ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́ wa, tó ti gbé Lọ́ńdọ̀nù rí, ló mú mi mọ̀ ọ́n. Lọ́wọ́ àwọn ará Karíbíà tó ń tajà lọ́hùn-ún ló ti máa ń rà á. Nígbà tó darí wálé tí kò rí i rà mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí yóò ṣe máa fọwọ́ ara rẹ̀ po ó, èmi náà sì bá a dá sí i.

Igi kan ń bẹ ní àwọn erékùṣù Karíbíà tí wọ́n ń pè ní bay. Pimenta racemosa ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Ní St. Thomas, láyé ìgbà tí Denmark ṣì ń ṣàkóso erékùṣù náà, wọ́n á kó ewé igi yìí sínú ọtí rọ́ọ̀mù, wọ́n á sè é bí àwọn tiwa ṣe ń se ògógóró: ooru á gba inú páìpù kọjá, á tutù, á sì máa kán sínú ìgò, òun ni bay rum. Ará Denmark kan, A. H. Riise, tó ní ilé ìpoògùn níbẹ̀ láti 1838, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ọjà tí wọ́n ń kó ránṣẹ́ sí òkè òkun. Ṣọ́ọ̀bù àwọn onígbàjámọ̀ ló sì gbà á jù.

Ewé bay tí à ń rà ní Bódìjà láti fi se ìrẹsì kò bá igi yẹn tan. Ẹni tó bá rẹ ẹ́ sínú ọtí, òórùn ìsebẹ̀ ni yóò máa gbọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kànáfùrù ló yọ wá. Èròjà tó pọ̀ jù nínú òórùn ewé bay ti Karíbíà, eugenol lorúkọ rẹ̀, òun gan-an ló pọ̀ jù nínú kànáfùrù. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ bay rum dáadáa fi máa gbóòórùn tiwa tí yóò sì dá a mọ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Ọtí fódíkà tó jẹ́ 40%, nǹkan bíi 200 mìlílítà, nínú ìgò aláwọ̀ dúdú. Kànáfùrù tó kún ṣíbí kékeré kan, mi ò ní í gún un, odidi ni n ó dà á sí i. Èèpo ọsàn kan, apá àwọ̀ ìta nìkan. Funfun inú rẹ̀ kò ní òórùn kankan, kò sì sí ohun tó ń ṣe ju kó da omi rẹ̀ rú lọ. Igi sínámọ́nì, kó má ju ìdajì ìka lọ, torí sínámọ́nì a máa bínú sí awọ ara. N ó dé e pa, n ó gbé e síbi tí oòrùn kò dé, n ó máa mì í lójoojúmọ́. Láàárín ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹta, ọtí náà á ti pọ́n, kànáfùrù á ti rì sísàlẹ̀, èèpo ọsàn á sì gan bí ẹni pé wọ́n sá a sóòrùn, torí ọtí ti fa òróró inú rẹ̀ tán. Tó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì, n ó fi aṣọ funfun fífẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ, n ó tún fi bébà tí wọ́n fi ń sẹ́ kọfí sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì. Gílísẹ́rìn ṣíbí kékeré kan ló kù, kí ọtí má baà gbẹ awọ ojú jù.

Ọtí rọ́ọ̀mù dúdú náà ṣe é lò, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi ṣúgà sí máa ń lẹ̀ mọ́ ara, mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ó kan kọ́là funfun, àwọ̀ kànáfùrù kì í bọ́ bọ̀rọ̀.

Ìgbà tí mo bá ti fi omi tútù fọ ojú, tí mo da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, tí mo fi pa àgbọ̀n àti ọrùn, á ta mí díẹ̀. Títa yẹn á lọ, òórùn kànáfùrù á kọ́kọ́ gbòde, ti ọsàn á tẹ̀ lé e. Kí ọ̀sán tó pọ́n, òórùn náà á ti rọlẹ̀. Bó ṣe rọlẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ràn. Àwọn tí wọ́n ń tà lọ́jà, ẹni tó jókòó tì yín nínú dáńfó ni yóò máa fi ìyà rẹ̀ jẹ.

Apòògùn, Òṣogbo

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ọtí tí a fi ń pò ó, torí ibẹ̀ ni ọkàn mi wà.

Ní ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ọkùnrin máa ń wá ra sípíríìtì pé àwọn fẹ́ rẹ kànáfùrù tàbí lọ́fíńdà sínú rẹ̀. Mo máa ń dá wọn dúró. Sípíríìtì tí wọ́n ń pè ní methylated yẹn, ẹ̀tánọ́ọ̀lù ni, àmọ́ wọ́n ti pò ó pọ̀ mọ́ mẹ́tánọ́ọ̀lù kí ẹnikẹ́ni má baà mu ún. Lóòótọ́, awọ ara kì í gba púpọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n mẹ́tánọ́ọ̀lù máa ń gba awọ ara wọlé, èéfín rẹ̀ sì ń gba imú. Ojú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, tí abẹ ti họ, kì í ṣe ibi tó yẹ kí á máa da irú rẹ̀ sí láràárọ̀.

Ògógóró tí ẹnikẹ́ni kò mọ orírun rẹ̀ ni mo tún ń bẹ̀ yín pé kí ẹ jìnnà sí. Ẹ ó rántí Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní April 2015. Àwọn èèyàn kàn ń ṣubú, ojú wọn ń fọ́, wọ́n sì ń kú. Àwọn kan ní ìbínú òrìṣà ni, àwọn mìíràn ní oògùn apakòkòrò ni. Àyẹ̀wò ló fi hàn pé mẹ́tánọ́ọ̀lù ló wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Láìpẹ́ sígbà náà, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers. Inú ara ni mẹ́tánọ́ọ̀lù ti ń yí padà di ásíìdì tó ń ba iṣan ojú jẹ́. Imú kò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín òun àti ẹ̀tánọ́ọ̀lù, ahọ́n náà kò lè fi í hàn. Àti pé nínú ilé tí a ti ń po nǹkan, kò sí ẹni tó lè búra pé ọmọdé tàbí àlejò kò ní í gbé ìgò náà sẹ́nu.

Ọtí fódíkà tó ní nọ́ńbà NAFDAC lára ti tó. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó ra ẹ̀tánọ́ọ̀lù tí àwọn tó ń ṣe lọ́fíńdà ń lò lọ́wọ́ ẹni tó lè fi ìwé rẹ̀ hàn án.

Onígbàjámọ̀, Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá apòògùn. Iṣẹ́ irun ni mò ń ṣe, abẹ àti kílípà. Ohun tí mo rí lójú àwọn oníbàárà ni mo fẹ́ sọ.

Ẹnìkan wà tí mo máa ń gé irun fún, tíṣà ni. Ó wọlé lọ́jọ́ kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní àmì dúdú tó ṣàn gbọọrọ wá sí ọrùn, bíi pé ẹnìkan fi ọ̀dà fà á. Ó ti lo oògùn lápálápá, kò gbọ́. Nígbà tí mo wò ó dáadáa, mo rí i pé ọ̀nà tí omi ń gbà ṣàn ni àmì yẹn tọ̀. Mo bi í pé kí ló ń fi pa ojú tó bá fárùngbọ̀n tán. Ó ní osàn wẹ́wẹ́ ni òun ń fún sínú fódíkà, pé òórùn rẹ̀ ń tù òun lára. Á pa á tán, á gun ọ̀kadà nínú oòrùn lọ sí ilé ìwé.

Osàn wẹ́wẹ́ ló ṣe é. Èròjà kan wà nínú omi rẹ̀ àti èèpo rẹ̀ tó jẹ́ pé tí oòrùn bá ti bá a lára èèyàn, á jó awọ ibẹ̀, ibẹ̀ á léròrò tàbí kó dúdú, dúdú yẹn a sì máa pẹ́ kó tó lọ. Mo ní kó jáwọ́ nínú rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń padà sípò. Ọsàn mímu tí ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn ń lò kò ní ìyọnu yẹn tó bẹ́ẹ̀. Òwúrọ̀ ni a ń fárùngbọ̀n, oòrùn ló sì tẹ̀ lé e, nítorí náà ẹ fi osàn wẹ́wẹ́ sílẹ̀ fún ẹja.

Nǹkan kejì: àwọn tó ń wá àfítà-ṣéèfù tí yóò wo kókó irùngbọ̀n sàn. Irun wa máa ń ká. Tí abẹ bá gé e sún mọ́ awọ jù, ẹnu rẹ̀ á mú ṣóńṣó, á ká padà, á sì gún awọ wọlé. Ìyẹn ló ń wú. Ọtí olóòórùn kò lè yọ irun tó ti wọlé, ṣe ni yóò máa ta ẹni náà lásán. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí kílípà ṣẹ́ irun náà kù díẹ̀, kí wọ́n fá a síbi tó kọjú sí, kí wọ́n má fa awọ le. Tí abẹ bá gé wọn, álọ́ọ̀mù tútù ni mo ń fi ra ojú egbò, ẹ̀jẹ̀ á dá. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n tó fi ti wọn tó ń ta sánsán pa á, tí ojú kò bá ní egbò mọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Miami

Mo kí gbogbo yín. Ọkọ mi ni mò ń ṣe é fún. Awọ ojú rẹ̀ kò gba ọtí rárá, tí ọtí bá kàn án, á pọ́n kúlúkúlú títí di ìrọ̀lẹ́. Witch hazel ni mò ń lò, omi ewéko kan tí wọ́n ń tà ní gbogbo ilé oògùn níbí. Ẹ ka ara ìgò rẹ̀ kí ẹ tó rà á, torí èyí tó wọ́pọ̀ jù ní ọtí 14% nínú. Èyí tí kò ní ọtí rárá náà wà. Mo máa ń fi omi inú ahọ́n erin sí i. Tí mo bá gé ewé rẹ̀, mo máa ń fi ẹnu rẹ̀ dojú kọlẹ̀ kí omi yẹ́lò tó wà lábẹ́ èèpo ṣàn jáde tán. Omi yẹ́lò yẹn ló ń yún ara, èyí tó mọ́ gaara tó ń yọ̀ nínú ni a fẹ́. Nítorí pé ọtí kò sí nínú tiwa, kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́. Inú fíríìjì ló ń gbé, ìwọ̀nba tí yóò lò láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni mò ń pò.

Ẹ jẹ́ kí n fi kan sí i. Àwọn ará Kúbà pọ̀ ládùúgbò wa, àwọn tó ń bọ òrìṣà láàárín wọn kì í ṣe aláìní Agua de Florida nílé. Ìgò gígùn, òórùn ọsàn, lafẹ́ńdà àti kànáfùrù. Ilé iṣẹ́ Murray & Lanman ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní New York ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọ́n ń wọ́n ọn sí ojúbọ, wọ́n ń fi fọ ilẹ̀, bàbá arúgbó tó ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ wa sì ń fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó bá fárùngbọ̀n tán. Ìgbà tó kí mi pé "Ọmọ Ọ̀ṣun" láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí òórùn kànáfùrù yẹn bá ohùn rẹ̀ wá, àárò ilé mú mi gan-an.

Ẹni tuntun, Ìlọrin

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó. Mo ra òróró kànáfùrù àti ti ọsàn, èyí tí wọ́n ti fún sínú ìgò kékeré. Mélòó ni kí n kán sí i? Ẹnìkan tí mo mọ̀ dà á sínú fódíkà, ó sì funfun bíi mílíìkì.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, Ìbàdàn

Àbúrò, ẹ káàbọ̀. Omi inú fódíkà ló jẹ́ kó funfun bẹ́ẹ̀. Fódíkà 40%, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, òróró kì í sì bá omi rẹ́. Tó bá funfun báyẹn tán, òróró á ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọtí náà, ẹni tó bá dà á sọ́wọ́ lè da ògidì òróró kànáfùrù sójú, á jó o gidi. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe ń lo odidi kànáfùrù nínú fódíkà.

Òróró nílò ọtí tó le. Ẹ̀tánọ́ọ̀lù 95%, 70 mìlílítà. Òróró méjèèjì lápapọ̀ kó má ju mìlílítà 1 lọ, kí ti kànáfùrù nínú rẹ̀ má sì kọjá ìdajì, ìyẹn nǹkan bí ẹ̀kán mẹ́wàá. Ẹ mì í kó yòrò tán, ẹ fi gílísẹ́rìn mìlílítà 3 sí i, kí ẹ tó máa kán omi mímọ́ sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi pé 100. Bí ẹ bá rí i tó fẹ́ dà bí èéfín nínú ìgò, ẹ dúró, omi ti tó. Ẹ fi díẹ̀ pa inú apá, ẹ dúró di ọjọ́ kejì kí ó tó dé ojú.

Ẹ má pò ó nítòsí sítóòfù, àbẹ́là, tàbí jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀tánọ́ọ̀lù tó le tó bẹ́ẹ̀ máa ń yọ èéfín tó lè gbiná nínú ooru yàrá lásán, èéfín yẹn ló ń lọ bá iná, ẹ kò ní í rí i. Kí ẹ kọ déètì àti ohun tó wà nínú rẹ̀ sára ìgò, kí ó wà níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò dé.

Mo ṣì ń retí ẹni tó ti fi ewé efinrin tàbí kooko ọba dán an wò. Òórùn wọn wù mí, àmọ́ mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ti fi í pa ojú bó ṣe ṣe é lára.