Àwòrán flame ń rí hóró-hóró lórí A3: kí ni kí n yí padà kí n tó gbé e fún atẹ̀wé?

Ọmọ Ìjàkadì, Ọ̀fà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Apophysis 7X, ètò tó ń ya àwòrán flame, ni mo ń lò, RAM láptọ́ọ̀pù náà jẹ́ 4 GB. Mo fẹ́ tẹ àwòrán flame kan (àwòrán tí ìṣírò ń yà, tó ń rí bí iná tàbí èéfín) sórí bébà A3 ní Ìlọrin. Nínú fèrèsé kékeré, ó dán gbinrin. Tí mo bá render rẹ̀ (tí ètò bá ṣírò ojúlówó rẹ̀) tán, gbogbo ibi tó ṣókùnkùn á rí bí ẹni pé wọ́n da yanrìn sí i. Quality 50, Oversample 1, Filter radius 0.2, Gamma 4 ló wà níbẹ̀. Tí mo bá gbé Oversample sí 3, ó ń ní mẹ́mórì ò tó. Ọ̀rọ̀ iná sì nìyí, kò dájú pé yóò dúró fún wákàtí mẹ́ta léraléra. Èwo ni kí n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn?

Gàá Àkànbí Graphics:
Àbúrò, Quality ni. 50 kéré jù fún ohun tí a fẹ́ tẹ̀ sórí bébà.

Ètò yìí kì í fa ìlà. Àìmọye àmì kékeré ló ń jù sójú àwòrán láìtò wọ́n, ó wá ń ka iye tó bọ́ sórí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ó mú lógárídímù iye náà, Gamma, tó ń mú ibi tó ṣókùnkùn mọ́lẹ̀ sí i, sì tẹ̀ lé e. Quality 50 ni pé bí a bá pín àwọn àmì náà dọ́gba, 50 ló máa kan píksẹ́lì kan. Ṣùgbọ́n wọn kì í pín dọ́gba. Ibi tó mọ́lẹ̀ ló ń kó èyí tó pọ̀ jù, ibi tó ṣókùnkùn lè rí méjì tàbí mẹ́ta péré, píksẹ́lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè má rí ẹyọ kan. Gamma 4 á wá gbé ìyàtọ̀ kékeré yẹn sókè tí ojú á fi rí i. Yanrìn rẹ nìyẹn. Atẹ̀wé ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Bí o bá fẹ́ kí hóró náà dín kù sí ìdajì, ìlọ́po mẹ́rin Quality ni wàá san. Láti 50 sí 200, ìdajì. Láti 50 sí 2000, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà ló máa ṣẹ́kù. Lójú tèmi, 2000 tó fún A3. Ẹni tó bá ń lọ sí 8000 fún bébà lásán, iná ló ń fi ṣòfò.

Ti mẹ́mórì: A3 ní 300 dpi (píksẹ́lì 300 nínú íǹṣì kan) jẹ́ 3508 × 4961, ìyẹn mílíọ̀nù 17.4 píksẹ́lì. Pẹ̀lú Buffer depth (àyè tí ètò fi ń ka iye) bíìtì 32, báìtì 16 ni ojú kọ̀ọ̀kan tó ń ka àmì ń gbà. Oversample ló ń pín píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan sí ojú kéékèèké: Oversample 1 á gba nǹkan bí 280 MB. Oversample 2 sọ ojú náà di ìlọ́po 4, ó di 1.1 GB. Oversample 3 sọ ọ́ di ìlọ́po 9, ó di 2.5 GB, ètò bíìtì 32 lórí Windows kì í sábà rí ju 2 GB gbà, kódà kí RAM rẹ jẹ́ 16. Nítorí náà dúró sórí 2, kí o gbé Filter radius (ìwọ̀n tó ń mú píksẹ́lì wọ inú ara wọn díẹ̀) sí 0.4. Má ṣe jẹ́ kí ó gé àwòrán sí ọ̀nà púpọ̀ nípa Limit memory bí kò bá pọn dandan. Gbogbo àmì ló máa tún jù fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, á sì da èyí tó bọ́ síta nù. Ọ̀nà mẹ́ta, àkókò ìlọ́po mẹ́ta.

Kí o tó tan ojúlówó, kọ́kọ́ render 351 × 496 pẹ̀lú Quality 2000 àti Oversample 2 kan náà. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ náà nìyẹn. Bí ó bá gba ìṣẹ́jú àáyá 90, mọ̀ pé èyí tó tóbi yóò gbà tó wákàtí méjì ààbọ̀.

Ìgbómìnà Render, Òmù-Àrán:
Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n kó má tíì sáré lọ sí 2000. Kó kọ́kọ́ sọ Gamma kalẹ̀ sí 2.5 tàbí 3, kó fi Brightness díẹ̀ kún un. Ìdajì yanrìn náà lè pòórá láìná ohunkóhun. Gamma threshold náà wà níbẹ̀. Bí o bá gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, kì í jẹ́ kí Gamma fa ibi tó ṣókùnkùn sókè jù. Bí o bá ti gbé e jù, èéfín fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ tó ń mú flame lẹ́wà á kú, nítorí náà ojú ni kí o fi wọ̀n ọ́n.

Yẹ Zoom wò pẹ̀lú. Bí o bá lo Zoom láti sún mọ́ àwòrán, gbogbo ẹyọ 1 ń sọ iṣẹ́ di ìlọ́po 4. Zoom 2 di ìlọ́po 16! Scale kì í fi iṣẹ́ kún un, àmọ́ hóró á pọ̀ sí i bí o bá fi sún mọ́ ọn.

Fún ọ̀rọ̀ iná, tọ́jú àwòrán náà sínú fáìlì .flame, kí o ṣí i nínú ètò flame mìíràn, JWildfire. Ọ̀fẹ́ ni, Java ló ń lò. Interactive renderer rẹ̀ lè dúró, kó tọ́jú iṣẹ́ tó ti ṣe, kó sì máa bá a lọ nígbà tí iná bá dé. Kọ́kọ́ fi àwòrán kékeré wò ó, torí kì í ṣe gbogbo variation (ìṣírò tó ń yí ìrísí flame padà) Apophysis ló wà níbẹ̀. Bí ọ̀kan bá sọnù, ìrísí rẹ̀ á yàtọ̀.

Ìyá Adétà:
Ẹ jọ̀ọ́, Mandelbrot (àwòrán ìṣírò mìíràn) ni tèmi, nínú ètò XaoS. Bí mo bá wọ inú rẹ̀ jìnnà, ó ń di onígun mẹ́rin ńláńlá, nígbà mìíràn gbogbo etí rẹ̀ á kàn dúdú sanra. Ṣé Quality náà ni?

Gàá Àkànbí Graphics:
Rárá, ìyá wa, Quality ò sí nínú èyí. Àìsàn méjì ni. Dúdú sanra: iye ìgbà tí ẹ ní kó tún ìṣírò z² + c ṣe ló kéré. 170 ni XaoS ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ gbé e sí 1000, tàbí 5000 bí ẹ bá ń jìnnà sí i. Onígun mẹ́rin: iye ìdíjíìtì tí nọ́mbà inú ètò náà lè gbé ní òpin. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn jù, píksẹ́lì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn á ní nọ́mbà kan náà, ètò kì í mọ ìyàtọ̀ wọn mọ́. Fífi iye ìgbà náà kún ò lè wo èyí sàn. Ẹ lo ètò tó ń jẹ́ Kalles Fraktaler. Ó máa ń fi ìdíjíìtì púpọ̀ ṣírò ojú kan, á sì fi ìyàtọ̀ sí ojú náà ṣírò àwọn yòókù, ìdí nìyẹn tó fi yá.

Ọmọ Ìjàkadì, Ọ̀fà:
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé mo lè fi WhatsApp ránṣẹ́ sí atẹ̀wé?

Ìgbómìnà Render, Òmù-Àrán:
Fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document, má ṣe fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi fọ́tò, á run ún. PNG ni kí o fi tọ́jú rẹ̀. Bí o bá ti tan Transparency, dúdú ẹ̀yìn àwòrán á di funfun lórí bébà. Ṣí i nínú GIMP, sọ àwọ̀ ẹ̀yìn di dúdú, kí o tẹ Image, Flatten Image. Àwọ̀ ewé àti búlúù tó ń tàn yòò lójú kọ̀ǹpútà kò ní tàn báyẹn lórí bébà, torí náà ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ igun kan ní A5 fún ọ.