Àbúrò mi tó ní schizophrenia (àìsàn ọpọlọ tó lè mú kéèyàn máa gbọ́ ohùn tí kò sí): ohùn ti lọ, ọ̀rọ̀ sísọ ló kù

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o. Àbúrò mi ọkùnrin ti ń gba abẹ́rẹ́ oṣooṣù. Kò gbọ́ ohùn kankan mọ́, ó ń sùn, ó ń wẹ̀. Àmọ́ bí mo bá ní "Báwo lọjà?", "Dáadáa" ni, ó parí. Inú ẹ̀ dùn o, inú ẹ̀ ò dùn o, ojú kan náà ni. Lọ́jọ́ Sátidé, ìyá aláṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń jẹ ẹ̀bà, wọ́n ní "Wá jẹun o." Àbúrò mi fọwọ́, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú jẹ! Ìyá yẹn ò bínú, àmọ́ àwọn yòókù fi ṣe ẹ̀rín títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó dùn mí wọra. Bàbá kékeré wa ní ìgbéraga ni, torí kì í kí wọn. Ṣé àìsàn ni àbí oògùn?

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Aláìsàn ọpọlọ ni mò ń tọ́jú. Kì í ṣe ìgbéraga rárá. Oògùn máa ń lé ohùn, àmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ran ti ọ̀rọ̀ sísọ lọ́wọ́. Ohun tí ẹnì kan ní lọ́kàn tí kò fẹnu sọ máa ń ṣòroó mọ̀ fún wọn. Ìyá yẹn ṣe ọ̀yàyà, àbúrò yín gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Àmọ́ àwọn kan nínú àwọn abẹ́rẹ́ àtijọ́ tún lè mú kí ojú le, kí ọwọ́ máa gbọ̀n. Dókítà lè dín in kù tàbí kó pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ má dá a dúró fúnra yín o. Ẹ sì bá bàbá kékeré sọ̀rọ̀: ní 1972, ìwádìí kan ní London fi hàn pé àìsàn náà tètè ń padà sára ẹni tí wọ́n ń bá wí ṣáá nílé.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Èmi náà ní in. Bí èèyàn méjì bá jọ ń sọ̀rọ̀, n kì í mọ ibi tí mo máa gbà wọlé. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan, kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Ẹ jẹ́ kó pẹ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi ní "Á gba ibi ire o." Wọ́n á gbé abọ́ òfìfo síwájú, wọ́n á ní kí n wá jẹun, èmi á dáhùn. A ṣe é títí ó fi mọ́ mi lẹ́nu.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun gan-an. Ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n lóòótọ́, màá sọ fún dókítà. Ti abọ́ yẹn, ṣé ká bẹ̀rẹ̀ lọ́jà ni?

Ọmọ Ẹ̀gbá: Rárá, mà. Nílé, ẹ̀yin méjèèjì péré.