Mo pa àgbọ̀nrín ní West Virginia, ṣé mo lè gbé odidi rẹ̀ dé Baltimore ní Maryland?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú alẹ́ o. Àárọ̀ òní ni mo pa akọ àgbọ̀nrín kan ní Hampshire County. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń ra ìwé àṣẹ ọdẹ àlejò, èyí sì ni àkọ́pa mi. Mo ti yọ ìfun rẹ̀, ó ń rọ̀ lórí igi lẹ́yìn ilé ọ̀rẹ́ mi, òtútù ti mú irun ẹ̀yìn rẹ̀ le gan-gan. Lọ́la ni mo ń padà sílé. Mo fẹ́ fi tapólì dì í sẹ́yìn ọkọ̀ ní odidi, torí Màmá mi tó wá kí wa láti Ṣakí ti ń retí orí rẹ̀. Mo ní ṣé kí n gé e kù síbí, wọ́n ní, "Ẹran tí kò ní orí, ta ló mọ ohun tó jẹ́?" Ọ̀rẹ́ mi ní òfin wà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ̀ ọ́n?

Bàbá Ọdẹ
Àrìnpa o! Má gbé odidi ẹran yẹn kúrò níbẹ̀ rárá. Hampshire County gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àìsàn CWD ní West Virginia, lọ́dún 2005. Ọpọlọ ẹran ló ń jẹ. Ẹran á rù hangogo, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, kò ní sá féèyàn mọ́, títí á fi kú. Prion, ìyẹn èròjà purotéènì tó ti dàrú, ló ń fà á, orí àti ọ̀pá ẹ̀yìn ló sì ń kó sí jù. Tó o bá sọ egungun yẹn sẹ́yìn ilé rẹ ní Maryland, inú ilẹ̀ ló ń wọ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì lè fi wà níbẹ̀.

Bọ́ awọ rẹ̀, gé itan àti apá lọ́tọ̀, họ ẹran ẹ̀yìn kúrò lára egungun. Ìyẹn ló lè kọjá. Tó o bá fẹ́ ìwo, gé e mọ́ agbárí, se é, kó o họ ọ́ títí kò fi ní ku ẹran tàbí ọpọlọ kankan lára rẹ̀.

Ọmọ Ìsẹ́yìn
Ẹ ṣọ́ra fún ọrùn! Èmi àti ẹnì kan ti gé tiwa tán, gbogbo ẹ̀ wà nínú kúlà, a wá fi ọrùn sílẹ̀ pẹ̀lú eegun nítorí ọbẹ̀ ata. Aṣọ́gbó tó dá wa dúró kò wo ibòmíràn. Eegun ọrùn, ọ̀pá ẹ̀yìn náà ni. Wọ́n gba ẹran, a tún san owó ìtanràn.

Bí ẹ bá sì gba US-50 kọjá ní Winchester, Virginia lẹ wọ̀ yẹn, òfin ìpínlẹ̀ mẹ́ta ló wà lọ́nà yín. Ẹ forúkọ ẹran sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra, kí nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Láti 1900 ni Lacey Act ti wà: ẹran tẹ́ ẹ bá pa lòdì sí òfin ìpínlẹ̀ kan, tó bá ti kọjá ààlà, ọ̀rọ̀ ìjọba àpapọ̀ ló dà.

Ìyá Àdùkẹ́
Tó bá yan orí ọ̀hún gbẹ dáadáa ńkọ́? Bí a ṣe ń ṣe nílé?

Bàbá Ọdẹ
Ìyá mi, iná ìdáná kò ràn án. A ò tíì rí èèyàn tí àìsàn yìí mú, àmọ́ CDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà, ní kéèyàn má jẹ ẹran tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó ní in. Kó bi àwọn DNR, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹran ìgbẹ́ níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń gba orí fún àyẹ̀wò, kó fi ẹran sí fírísà títí èsì á fi dé. Kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní páátì tan òun láti tà á o. Títa ẹran ìgbẹ́ tún ni ẹjọ́ mìíràn.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. A ti gé e tán, ọwọ́ mi kú tán. Àyẹ̀wò ni orí ń lọ. Mo fi fídíò pe Màmá kí wọ́n rí i. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní ó jọ ìgalà. Wọ́n wá ní, "Ó dáa, àmọ́ itan méjèèjì, tèmi ni."